Ọdún tí Wọ́n Fi Ìwé Wa Ṣe Fíìmù

Tí ẹ bá fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tí ẹnìkan ń pariwo pé fíìmù ti ba ìwé tí òun fẹ́ràn jẹ́. Àwọn ọmọ mi mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Wọ́n á jókòó sí pálọ̀ mi, wọ́n á máa bínú sí òṣèré tó sanra jù, sí aṣọ tí kò rí bí wọ́n ṣe rò ó, sí ibi tí wọ́n gé kúrò. Èmi á kàn máa wò wọ́n láti orí àga mi. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan, ni mo máa ń sọ nínú ara mi. Èmi rí ilé kan tí fíìmù fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká, mo sì rí ohun tí àwọn ará ilé náà ṣe sí i. Òkòkómáíkò ni ilé ọ̀hún wà, ilé gígùn tí yàrá kọjú sí yàrá, tí àgbàlá rẹ̀ sì ní kànga kan tí gbogbo wa ń bá ara wa jà lé lórí. Ohùn ilé náà ò tíì kúrò létí mi. Láàárọ̀, ìgbálẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ṣáá, ṣáá, ṣáá, nítorí àwa ọmọdé la ní ilẹ̀ gbígbá kí oòrùn tó yọ. Korobá á máa lu ògiri kànga bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, àwọn ọkọ̀ ńlá á máa fọn fèrè lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ọ̀pọ̀lọ́ á sì máa dáhùn láti inú ẹrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Tí òjò bá rọ̀ títí, omi a máa wọ àgbàlá wa, á dúró síbẹ̀, ojú ọ̀run á wà nínú rẹ̀. Mo máa ń dúró lórí bíríkì wo ìsàlẹ̀ omi náà, mo sì máa ń rò pé tí mo bá wò ó pẹ́ tó, màá rí ẹnìkan tó ń rìn níbẹ̀.

Ìwé ló kó irú èrò bẹ́ẹ̀ sí mi lórí. Màámi ló ni ín. Aránṣọ ni Màámi, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àfi kí ayé parí. Tí a bá ti ti ìjọ aláṣọ funfun dé, tí a bọ́ sùtánà sórí okùn, tí a jẹ ìrẹsì tán, gbogbo àwa ọmọbìnrin ilé á kó ara wa jọ sí abẹ́ ìbòòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, nítorí Ìyá Rísí á dirun wa fún ilé ìwé ọjọ́ Mọ́ńdè. Yàrá tó kọjú sí tiwa ni Ìyá Rísí ń gbé. Mùsùlùmí ni, ará Ìsẹ́yìn, irun dídì ló sì ń ṣe jẹun. Ọwọ́ rẹ̀ dùn lójú, kò dùn lórí. A máa ń ké. Ìdí nìyẹn tí Màámi fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìwé jáde, pé kí etí wa lè gba ìrora kúrò lórí wa. Á jókòó sórí àpótí, á ṣí ìwé, ilé á sì pa lọ́lọ́. Tí ìtàn bá dé ibi tó ń bani lẹ́rù, ọwọ́ Ìyá Rísí á le koko, irun á fà, a ò sì ní mọ èyí tí à ń sunkún sí mọ́, irun ni àbí ìtàn. Gàrí tútù àti àgbọn la máa ń jẹ lé e lórí. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ òórùn àgbọn, orí mi a máa ta mí.

Ìlú Abẹ́ Ọ̀sà ni orúkọ ìwé náà. Ọmọbìnrin kan, Àbẹ̀kẹ́, lọ pọnmi létí ọ̀sà, omi sì ṣí fún un bí ìlẹ̀kùn. Ó bá ara rẹ̀ nínú ìlú kan tí wọ́n fi egungun ẹja kọ́lé, tí òjìji ọkọ̀ ojú omi ń kọjá lókè bí ìkùukùu. Oníbodè ibẹ̀ jẹ́ ẹja ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń pa àlọ́. Ọjà ibẹ̀ ló sì yà mí lẹ́nu jù: ohùn ni wọ́n fi ń ra nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ iyọ̀ á fi ẹ̀rín rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ilé á fi gbogbo ohùn rẹ̀ lélẹ̀. Lókè, létí omi, ìyá Àbẹ̀kẹ́ ń dúró lójoojúmọ́, ó ń ké pe ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú oríkì. Kò sí ẹni tí ìwé yìí kò mú nínú ilé wa. Bàbá Onílé wa, àgbàlagbà ọmọ Ọ̀jọ́ tí èdè Àwórì rẹ̀ jinlẹ̀ débi pé a ò gbọ́ ìdajì ohun tó bá ń sọ tí inú bá ń bí i, máa ń gbé àga rẹ̀ sún mọ́ wa, á ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, òun kàn ń gba atẹ́gùn ni. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀yìn oko bàbá òun létí omi Ọ̀jọ́ gan-an ni ìlú náà wà. Bọ̀dá Lásún, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní Àlábà, ti fi oníbodè ṣe ọ̀rẹ́. Tí a bá kí i lẹ́nu ọ̀nà, àlọ́ ni yóò fi dá wa lóhùn.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, Rísí ṣì wà láàárín wa. Ọmọ kékeré ni, itan mi ló máa ń jókòó lé. Kí a tó ka ìwé náà dé àárín, bàbá rẹ̀ wá. Òun àti Ìyá Rísí ti kọ ara wọn sílẹ̀ tipẹ́. Ó ní òun fẹ́ mú ọmọ lọ kí ìyá òun ní Kùtọnù, pé kò ní pẹ́ dé. Ọmọ ò dé. Ìyá Rísí lọ títí dé bodè, wọ́n ní ọkùnrin náà ti gbé ọmọ kọjá lọ sí Àbíjàn. Ó padà wálé pẹ̀lú eruku lójú. Gbogbo àgbà ilé ló sọ ohun kan náà fún un: dúró. Ọmọ kì í gbàgbé ìyá. Ilé yìí nìkan ni bàbá rẹ̀ mọ̀ tó lè dá a padà sí, má kúrò níbẹ̀. Sọ́ńdè tí a máa ka ìparí ìwé náà, èmi ló ń dirun fún. Màámi ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó wo Ìyá Rísí. Ó mu omi. Ó tún wò ó. Ó wá kà á pé omi là sí méjì, Àbẹ̀kẹ́ jáde, ó wọ aṣọ funfun, ó ní, “Ìyá mi, mo dé.” Háà! Ìyá Rísí fi òòyà sílẹ̀ nínú irun mi, ó dìde, ó jó yí kànga ká. Láti ọjọ́ náà, tí a bá ti ka ìwé náà tán, a ó tún bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti Ìsẹ́yìn wá pé kó kó ẹrù rẹ̀ wálé, kó lọ fẹ́ ọkọ mìíràn, ohun tó sọ fún un ni pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì gbọ́ ìparí ìwé Ìyá Bọ́lá ni.” Èmi ni Bọ́lá. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mo rò pé àwàdà ni. Ó ń ti inú ìwé yẹn gba okun tó fi ń dìde láàárọ̀, kò sì sí àgbàlagbà kan nínú ilé tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Bọ̀dá Lásún ló gbé ìròyìn dé láti Àlábà pé wọ́n ti fi ìwé wa ṣe fíìmù. Ẹ wo ilé tó di ọjà! Bàbá Onílé nìkan ló ní fídíò, ó sì pàṣẹ pé gbogbo ayálégbé ní láti wá lọ́sàn-án Sọ́ńdè, kí wọ́n wá wo ìlú bàbá òun. Ìyá Rísí fọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó lọ̀ ọ́. Màámi nìkan ni kò bá wa yọ̀. “Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ o,” ló ń wí. “Fíìmù kì í dà bí ìwé.” A ní ó ń ṣe ẹ̀tanú. Mo rántí pé ó rán apá aṣọ oníbàárà kan sí ibi ọrùn lọ́sẹ̀ yẹn, ó tú u, ó tún rán an síbẹ̀.

Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn fèrèsé. Pálọ̀ Bàbá Onílé kún débi pé àwa ọmọdé jókòó sábẹ́ tábìlì. Gbàrà tí Àbẹ̀kẹ́ yọjú ni ìjà bẹ̀rẹ̀. “Ta nìyí? Àbẹ̀kẹ́ tí ìwé ní ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ewédú? Èyí ti bímọ mẹ́ta!” ni àwọn obìnrin ń pariwo. Ìlú abẹ́ ọ̀sà wá dé. Hòtẹ́ẹ̀lì ni. Wọ́n ta ọ̀rá búlúù sójú kámẹ́rà, àwọn ènìyàn sì ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí orúnkún ń dùn.

“Fáànù ń yí lókè àjà nísàlẹ̀ omi?” Bọ̀dá Lásún bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbodè jáde, ẹ̀rín rẹ̀ pin. Ọkùnrin kan ni, tó wọ aṣọ òjò, tó fi awò àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ bojú. “Rárá o! Abẹ́gi, oníbodè mi kọ́ nìyẹn! Ẹ wo bàtà lẹ́sẹ̀ ẹja!”

“Omi Ọ̀jọ́ kọ́ nìyí,” ni Bàbá Onílé ń sọ ní tirẹ̀, ó ń na ìka sí tẹlifíṣọ̀n. “Omi Ọ̀jọ́ dúdú ju báyìí lọ. Ta ló fún wọn láṣẹ láti gbé ìlú bàbá mi lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì?” A rẹ́rìn-ín títí ìfun wa fi dùn wá. Síbẹ̀, ẹ ò ní gbà mí gbọ́, nínú gbogbo ariwo yẹn, fíìmù náà ń fà mí lọ. Àwọ̀ búlúù yẹn bò wá lójú, ó bo ògiri, ó bo eyín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, jẹnẹrétọ̀ ń dún bí omi tó jìnnà, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé àwa gan-an la wà nísàlẹ̀, tí ẹnìkan sì ń wò wá láti òkè. Ìyá Rísí kò bá ẹnikẹ́ni bínú. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ nìkan ló ń wò. Obìnrin tó kó ipa yẹn mọ iṣẹ́, kí n má purọ́. Tó bá ń ké oríkì ọmọ rẹ̀ létí omi, ètè Ìyá Rísí ń bá a mì.

Ìparí wá dé. Àbẹ̀kẹ́ rí àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ omi. Ó la ẹnu láti dáhùn. Ohùn kò jáde, nítorí ó ti fi ohùn náà ra ilé. Ó yí padà, ó wọ inú ìlú lọ. Ìyá rẹ̀ sì jókòó sétí omi títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n sì kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé ògo ni fún Ọlọ́run. Ìyá Rísí dìde wẹ́rẹ́. Ó kí Bàbá Onílé pé ẹ ṣeun, Bàbá, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ariwo sọ. Kí wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì náà padà fún ẹni tó tà á! Olè ni wọ́n, òpùrọ́ ni wọ́n, wọn ò ka ìwé rárá! Èmi náà ń pariwo, mo ń sunkún, mo ní Àbẹ̀kẹ́ padà wálé, mo gbọ́ ọ lẹ́nu Màámi. Màámi nìkan ló jókòó. Ó ń ká etí ìró rẹ̀ mọ́ ìka.

Nígbà tí a ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kejì, ẹní Ìyá Rísí ti wà ní kíká, ìkòkò rẹ̀ ti wà nínú ọpọ́n, ó ti di gbogbo rẹ̀ lókùn. Ìsẹ́yìn ló ń lọ. Bàbá Onílé dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. Bọ̀dá Lásún náà kò lọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, ojú ń tì í nítorí òun ló ra kásẹ́ẹ̀tì náà wá.

“Tí ọmọ náà bá dé tí kò bá ọ nílé ńkọ́?” ni Bàbá Onílé bi í.

“Kò ní dé, Bàbá. Ẹ̀yin náà ṣáà wò ó lánàá.”

“Fíìmù lo wò! Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Bọ́lá, lọ mú ìwé wá, kí o kà á sí i létí, kó tú ẹrù rẹ̀.”

Màámi wo Bàbá, ó wo ilẹ̀. Ó lọ mú ìwé náà jáde láti inú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó sórí ẹrù Ìyá Rísí, ó ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn. N kì í dúró sẹ́yìn rẹ̀ tó bá ń kàwé, kì í gbà fún mi. Lọ́jọ́ yẹn kò rántí lé mi. Mo gbé àgbọ̀n lé e léjìká, mo ń wá ibi tí wọ́n kọ “Ìyá mi, mo dé” sí. N ò rí i. Ohun tí mo rí ni ọmọbìnrin kan tó la ẹnu tí ohùn kò jáde. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Fíìmù ò purọ́. Hòtẹ́ẹ̀lì ni, bàtà wà lẹ́sẹ̀ ẹja, Àbẹ̀kẹ́ sanra, ṣùgbọ́n ìparí ìwé gan-an ni wọ́n ṣe. Màámi, tó ń lù wá tí a bá parọ́ ẹran inú ọbẹ̀! Ó fẹ́ kà á bó ṣe máa ń kà á, mo rí i pé ó fẹ́. Ètè rẹ̀ mì. Irọ́ tó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti ọjọ́ yìí wá, ó kọ̀, kò jáde.

Bàbá Onílé wò ó, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ti yé e. Ó húkọ́. “Ojú ló ń dùn ún. Kò burú, èmi fúnra mi ti ka ìwé náà.” Kéwú nìkan ni Bàbá mọ̀ kà, kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé. “Ọjọ́ tí Àbẹ̀kẹ́ dé, wọ́n pa màlúù. Lèmọ́mù wá ṣe àdúà fún un.”

“Bẹ́ẹ̀ ni o,” ni Bọ̀dá Lásún gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá, ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì. Mo gbọ́ ọ dáadáa, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kà á.”

“Aṣọ funfun ló wọ̀,” ni èmi náà ké. “Omi là sí méjì! Ó sì ní ebi ń pa òun!”

Màámi pa ìwé dé. “Ẹsẹ̀ ló fi rìn wálé,” ló wí. “Ojú ọ̀nà ló gbà.”

Ìyá Rísí wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ìwé kan ṣoṣo,” ló wí. “Ọmọ kan ṣoṣo. Ẹ wo ọ̀nà mẹ́rin tó gbà wálé níṣojú mi.” Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún. Màámi dìde, ó kúnlẹ̀ fún un, òun tó jù ú lọ dáadáa. Ó ní, “Má bínú sí mi. Ọmọ ò tíì pẹ́ tó lọ nígbà yẹn. N ò lè kà á sí ọ létí.”

“Ẹ dìde, Ìyá Bọ́lá. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi.” Ó fà á sókè, ó fi gèlè nu ojú. “Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ìyá yẹn. Nínú ìwé ni, nínú fíìmù ni, nínú irọ́ yín ni, etí omi ló ń dúró sí, tó ń pariwo. Kí ló dé tí kò wọ inú omi lọ?”

Bọ̀dá Lásún ní bóyá kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni.

“Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ á kọ́ ọ,” ni Ìyá Rísí wí. “Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Èmi gbọ́ ọ, ẹ ní kí n dúró, mo sì dúró.” Ó tú ẹrù ńlá náà. Ó mú aṣọ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó dì í ní kékeré. Nígbà tí Bàbá Onílé rí i pé Ìsẹ́yìn kọ́ ló kọjú sí mọ́, ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà fún un. Bọ̀dá Lásún ní ọ̀rẹ́ kan ní Àlábà, ọmọ Ègùn tó mọ ọ̀nà Àbíjàn bí ẹni mowó, òun ló sì mú un dé bodè. Bàbá Onílé ti yàrá Ìyá Rísí pa, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Kò yá ẹnikẹ́ni ní yàrá náà.

Màámi ò ka ìwé kankan fún wa mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹlòmíràn ló ń dirun wa, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, n ò fẹ́ràn rẹ̀. Òjò rọ̀, ó dá, ọyẹ́ dé, ètè wa là. Tí àwọn àgbà bá ń jẹun, wọn kì í dárúkọ Ìyá Rísí, wọ́n á kàn máa bi ara wọn bóyá ọ̀nà dára. Mo ti di ìyá ọmọ báyìí, mo ti ka ìwé púpọ̀, n ò sì tíì mọ̀ bóyá Màámi ṣe dáadáa. Irọ́ rẹ̀ gbé obìnrin kan ró nígbà tí kò sí ohun mìíràn tó lè gbé e ró. Irọ́ yẹn kan náà ló sì dá a dúró sí ojú kan. Mo bínú sí i fún ọdún mélòó kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, a ń mu ògì lọ́wọ́ nígbà tí ìlẹ̀kùn gééètì dún. Ìyá Rísí ló wọlé. Ó ti gbẹ, eruku bò ó dé orí, ọwọ́ rẹ̀ sì di ọwọ́ ọmọbìnrin kan mú, ọmọ gíga tó wọ aṣọ tí a ò mọ irú rẹ̀. Bàbá Onílé dìde tòun ti ife ògì lọ́wọ́. Màámi sáré lọ bá wọn. Ọmọ náà sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó ń wo àgbàlá, ó ń wò wá bí ẹni tó ń wo àjèjì. Faransé ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wá rọra wá Yorùbá kan tó ti ń sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Màmá, ta ni wọ́n?”

Ìyá Rísí wò wá láti orí Bàbá Onílé títí kan èmi.

“Àwọn wọ̀nyí? Àwọn tó purọ́ fún mi nìyí,” ló wí. “Kúnlẹ̀, kí wọn.”